Ọmú Ni Mo Fi Parọ́ fún Ìyá Ọkọ Mi

Ádímìn, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ pátápátá, nítorí àwa Yorùbá tó wà nílùú yìí ò pọ̀, ẹni tí kò mọ̀ mí á mọ ẹni tó mọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á, irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún yín yìí, n ò fi ẹnu pa á. Ọmú ni mo fi pa á. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mo ti ń fi ọmú parọ́ fún ìyá ọkọ mi, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, irọ́ ọ̀hún sì ti dàgbà ju èmi tí mo bí i lọ... Ó ti rẹ̀ mí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ èyí, aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ láti àárọ̀, n ò tíì ran ju apá kan lọ.

Tamale ní Ghana níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò Zogbeli la dàgbà sí, torí náà ẹ má bínú bí Yorùbá mi bá ń já lójú ọ̀nà, Hausa ni mo fi ń ná ọjà, òyìnbó ni mo fi kàwé. Ọkọ mi ní tiẹ̀, ọmọ Ìgbòho ni, ilé ni wọ́n bí i sí, ó ti lé lógún ọdún kó tó wá síbí wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ta ẹ̀yà ara máṣíìnì. Àdúgbò Vittin là ń gbé báyìí, kọ̀ǹténà tí mo ti ń ránṣọ sì wà níwájú ilé gan-an, bí wọ́n bá ń ro nǹkan nínú ilé, òórùn ẹ̀ á bá mi níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi wá ọmọ. Gbogbo ohun tí ojú obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń rí, ojú mi rí i. Ìgbà tí Ọlọ́run wá dáhùn, obìnrin ló fi ta wá lọ́rẹ, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ire. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, eyín méjì ti yọ lẹ́nu ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ire ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá ọkọ mi fi dé láti Ìgbòho. Màámi la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gba Benin, wọ́n gba Togo, wọ́n sùn lójú ọ̀nà, wọ́n gbé àpò èlùbọ́ sórí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, n ò fọ nápíìnì kan. Ìgbà tí wàrà dì sí mi lọ́mú tí ibà gbé mi dè, Màámi ló ń fi aṣọ gbígbóná jó o, tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tí wọ́n bí sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí mi ti kú, ẹ̀yin náà lè wò ó, ta ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi? Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ìyá ọkọ burúkú ni mo fẹ́ ròyìn. Wọn ò burú. Wọ́n dáa, ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí gbogbo wa níbí ń pè ní weighing, nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa pé ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, kódà omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Màámi gbà. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń fi òùngbẹ pa ọmọ nínú ooru Tamale yìí, àmọ́ wọ́n gbà, wọ́n ní ayé ti yí padà, wọ́n wá ń ka oṣù lórí ìka. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ire pé oṣù mẹ́fà, wọ́n ti rẹ jéró sínú omi. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta fúnra wọn pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kókó tí obìnrin kan pò lẹ́bàá títì fún ọmọ-ọmọ àwọn. Kókó là ń pe ògì níbí. Èmi náà ti ra abọ́ kékeré àti ṣíbí tí ẹnu ẹ̀ rọ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ jókòó dáadáa, kí oúnjẹ ki díẹ̀, ká dúró kó la ẹnu fúnra ẹ̀, tó bá yíjú kúrò ká fi í sílẹ̀. Inú mi ń dùn. Mo tilẹ̀ rò pé mo máa ya fọ́tò.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, Màámi wẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbàdúrà sórí kókó yẹn pẹ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ Ire sórí itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe abọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n ń da kókó sí i... wọ́n ń rọ ọ́. Ẹni tó bá dàgbà nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ níbẹ̀ nìyẹn látayébáyé, ọmọ á ké, á gbé e mì, ikùn á yọ, gbogbo ilé á yọ̀. Èmi ò rí i sójú rí. Ire ń hó, ó ń ta ẹsẹ̀, kókó gba imú ẹ̀ jáde, ó wúkọ́ wúkọ́ títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. Mo já a gbà, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo ń gbá a lẹ́yìn. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó tó di ọ̀sán, abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe rọ àwọn yó látorí àgbà dórí àbíkẹ́yìn, ó ká apá aṣọ sókè fi iṣan hàn mí, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ Màámi pé kí wọ́n jọ̀wọ́ máa lo ṣíbí. Wọ́n ní ó dáa. Lójú mi, wọ́n ń lo ṣíbí lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, mo máa gbọ́ ikọ́ yẹn láti inú ilé. Ọmọ tó ń fi ṣíbí jẹun kì í wúkọ́ báyẹn. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ nílé, kí ni ẹ bá ṣe? Ṣé kí n bọ́ síwájú obìnrin tó wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi, kí n ní ẹ ń fẹ́ pa mí lọ́mọ? Mi ò bá mú wọn dání lọ sí weighing kí nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, wọn ì bá gbọ́, wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ọ̀nà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀... kò wá sí mi lọ́kàn. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí mo ṣe rèé. Tí òórùn kókó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá ti gbọ́ òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù tí Màámi ń pò mọ́ tiwọn, mo máa mọ̀ pé wọ́n á tó gbé ti Ire sílẹ̀. Màá fi aṣọ sílẹ̀, màá sáré wọlé, màá ní Màámi ẹ jọ̀ọ́ ọmú ti kún, ó ń dùn mí. Màá gbé Ire wọ yàrá, màá sì fún un lọ́mú ní apá méjèèjì títí táá fi já ọmú sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn màá gbé e fún wọn, màá padà sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ tó ti yó, kí ló fẹ́ gbà lẹ́nu? Á di ẹnu pọ̀. Bí wọ́n bá rọ ọ́, á bì í padà, wàrà àti kókó, sára aṣọ wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣíwọ́ rírọ fúnra wọn. Ẹ wò ó, mo yọ̀. Mo rò pé mo ti borí láì bá ẹnikẹ́ni jà, mo tilẹ̀ ń gbóríyìn fún ara mi.

Àmọ́ Màámi ò jáwọ́. Wọ́n rò pé kókó náà ni kò dùn. Wọ́n yọ atalẹ̀ kúrò. Wọ́n fi àgbàdo dípò jéró, wọ́n tún fi ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná sí i, wọ́n gún ẹja gbígbẹ, wọ́n se iṣu wọ́n fọ́ ọ bí òróró. Obìnrin Dàgọ́ńbà tó jẹ́ aládùúgbò wa, tó ń pè wọ́n ní Yaaba, ìyẹn ìyá àgbà, wọ́n ní kó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, Hausa díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló ń parí ìyókù. Lójoojúmọ́ oúnjẹ tuntun. Lójoojúmọ́ èmi náà, mo sáré wọlé, ọmú ti kún, ó ń dùn mí. Tí Ire bá ti yíjú kúrò, Màámi á wo abọ́ yẹn, wọ́n á fi ìka nu ẹnu ọmọ, wọ́n á jẹ èyí tó kù tàbí kí wọ́n gbé e fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Mo ń rí i o. Mo rí i, mo ń ṣe é lọ.

Lálaalẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa ń fún Ire ní Tom Brown tèmi, ògì ọkà yíyan, pẹ̀lú ṣíbí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbà á, díẹ̀díẹ̀, mo ní ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹnu mọ́ èmi náà lójú. Mo kọrin, ó di ẹnu. Mo ṣe bí ẹni pé èmi ló fẹ́ jẹ ẹ́, ó ń wò mí, ó di ẹnu, ó wá ń fa kọ́là aṣọ mi. Ọmọ náà ò kúkú gọ̀. Ó ti mọ̀ pé tóun bá kọ ṣíbí, ọmú ń bọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, Ire ò jẹ nǹkan kan tó nítumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ọmú ló ń mu tọ̀sán tòru, ó ń fà mí bí ẹni ń fún aṣọ, mo rù, ojú mi jìn sínú, àwọn oníbàárà ń bi mí pé ṣé ara mi yá.

Nígbà tí a tún dé weighing, nọ́ọ̀sì gbé káàdì ẹ̀ sókè, ó wo ìlà tó yẹ kó máa gòkè. Ìlà ọ̀hún ò gòkè láti ìgbà tó ti pé oṣù mẹ́fà, ó nà gbalaja bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó fa ìpéǹpéjú Ire wò, ó ní ó funfun, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó. Ó bi mí kí ló ń jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ojú nọ́ọ̀sì yẹn, mo ní ó ń jẹun dáadáa, ó ń jẹ kókó, ó ń jẹ iṣu, ó ń jẹ ẹja. Gbogbo ohun tí Màámi ti sè ni mo kà fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní ọmú nìkan ò lè gbé ọmọ tó ti tó báyìí mọ́, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì mú ẹni tó máa ń wà pẹ̀lú ọmọ nílé dání kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà bọ́ sí.

Mo délé, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ yẹn fún ọkọ mi àti Màámi, n ò sọ ìyókù. Ọkọ mi káwọ́ lórí, ó ní ọmọ tí Màámi ń sè fún lójoojúmọ́. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a ti ìjọ dé tí ọkọ mi jáde, wọ́n ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé, èmi ń gé aṣọ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi láì gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn bí ọmọ kan tẹ̀ lé àkọ́bí, obìnrin, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe tó bíi ti Ire yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n rọ ọ́, ó ń bì í, ó ń rù, kò rìn kó tó kú. Wọ́n ní ibà wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó dárúkọ ibà nínú agbo ilé, ìyáálé wọn ló kọ́kọ́ là á pé ọwọ́ wọn korò sọ́mọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí wọ́n tún bí, ọkọ mi náà wà níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa ń pè kó fi oúnjẹ àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu, tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n jẹ tán kí àwọn tó gbà á. Ọkọ mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn. Ire ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n gbójúgbóyà fún, wọ́n ní àwọn rò pé ogbó ti fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn.

Wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, kò fọ̀ ọ́ kúrò. Jẹ́ kí n máa lọ sílé. Tí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, á jẹun."

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀, àwa méjì péré ni, kò bá ti parí níbẹ̀ lórí ẹní yẹn, bóyá à bá sunkún, à bá sì dìde. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń lé eṣinṣin. Wọ́n bọ̀ sórí ògì wọn, èmi bọ̀ sórí aṣọ mi, mo sì gé e ṣì. Lálẹ́ wọ́n sọ fún ọkọ mi pé orúnkún ló ń fẹ́ ilé, pé ooru ibí ti pọ̀ jù fáwọn. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ó ti sanwó bọ́ọ̀sì. Àárọ̀ Sátidé yìí ni wọ́n ń lọ.

Tí mo bá dúró níbí, ẹ̀yin kan á ní ó ṣe mí láàánú, ìyá tuntun ni, ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àná.

Láàárọ̀ àná, ìyàwó kan tó ń ṣègbéyàwó lọ́la dé sọ́dọ̀ mi, aṣọ ẹ̀ há mọ́ ọn, ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ti gún abẹ́rẹ́ sí i yí ká, mo tún kó òmíràn sẹ́nu. Òórùn kókó dé. N ò lè kúrò. Mo ń dá etí sí inú ilé, mo ń retí ikọ́, n ò gbọ́ ikọ́. Mo ń retí ẹkún, n ò gbọ́. Nígbà tí mo ráyè wọlé, Màámi ò tẹ́ Ire sórí itan. Wọ́n gbé e jókòó sórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí há a lẹ́yìn, àwọn fúnra wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí wọn kì í lè ká. Ṣíbí kékeré mi wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tì í sí i lẹ́nu, wọ́n kàn gbé e dání, wọ́n ń dúró. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ mi ni. Gbogbo alẹ́ tí mo ń kọrin fún Ire tí kò dá mi lóhùn, wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń wò mí. Ire tẹ̀ síwájú, ó la ẹnu, ó gbà á. Ó gbé e mì. Ó tún la ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà. Màámi ò mira, àfi bí ẹni tí ẹyẹ bà sí nítòsí tí kò fẹ́ kó fò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ti ń bẹ ọmọ yìí. Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ṣé kò yẹ kí n wólẹ̀ kí n dúpẹ́? Ẹ̀yin èèyàn, owú ni mo jẹ. Mo ń wo ẹnu ọmọ mi tó là, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ló dé tó fi gbà á lọ́wọ́ wọn tí kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ire rí mi, ó na ọwọ́, wàrà sọ̀, ó rin aṣọ mi. Mo lè padà sẹ́yìn kí n fara pamọ́. Mo lè jókòó tì wọ́n kí n ní Màámi ẹ tún fún un. Mo gbé e. Kókó ṣì wà lẹ́tẹ̀ ẹ̀ tí mo fi ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ní ọmú ń dùn mí. Kò dùn mí, ẹ gbọ́, lọ́jọ́ yẹn kò dùn mí rárá. Irọ́ ti àwọn ọjọ́ tó kù, mo lè ní nítorí ikọ́ ọmọ ni. Ti àná, nítorí kí ni?

Màámi fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó gbà wọ́n ní àkókò. Wọ́n fọ abọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ń dán, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Ire tó ń mu ọmú.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi yìí mọ̀ pé mò ń lọ, ló ṣe fi ìyẹn dá mi lọ́lá."

Wọ́n dìde, wọ́n fa àpò wọn jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Ọmọ náà ti ń jẹun. Màámi ti rí ọ̀nà fúnra wọn, láì sí nọ́ọ̀sì, láì sí ìjà. Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá sọ ọ́ di ìdágbére. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀bi yìí relé, wọ́n á fi kún ti Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á gbà pé lóòótọ́ lọ́wọ́ àwọn korò, wọ́n á gbà á títí dójú ikú. Èmi tí mo mọ òtítọ́ ni mo ń bá wọn wá okùn tí wọ́n máa fi di àpò.

Ká ní mo sọ ọ́, ẹ̀rù tó ń bà mí pọ̀. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ìyá ẹ̀ ni gbogbo ayé ẹ̀. Tó bá gbọ́ pé èmi ni mo dí ọmọ wa lọ́nà oúnjẹ títí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fi lọ sílẹ̀, pé mo fi ìyá ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù méjì, ṣé á tún jẹ oúnjẹ mi? Àwọn ará ìjọ ńkọ́? Tí mo bá sọ ọ́ fún Màámi nìkan, mo mọ̀ wọ́n, wọn ò ní bú mi, wọn ò ní sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n á kàn máa wò mí. Tí n ò bá sì sọ ọ́, Sátidé á dé, wọ́n á lọ, ọjọ́ ìṣẹ́gun nọ́ọ̀sì á bi mí pé ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ dà, Ire á sì wà lọ́wọ́ èmi nìkan, ọmọ tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. N ò ní ogún ọdún, ọ̀túnla ni mo ní.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́, Màámi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Ire wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ po kókó ẹ̀, wọ́n ní kí n má baà tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré wọlé, làwọn ṣe gbé e wá bá mi. Wọ́n tú u kalẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Kọ́kọ́ fún un lọ́mú ná, ìyàwó mi, kára lè tù ọ́."

Mo sì fún un. Ó ń mu ún lọ́wọ́ báyìí, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ ìwọ̀nyí. Òórùn kókó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọkùnrin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ má wo ti èébú, ẹ lè bú mi tó bá yá. Ṣé kí n já ọmú yìí gbà lẹ́nu ẹ̀ báyìí, kí n gbé e tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ebi nínú ẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí n sọ ọ́? Tí mo bá kúnlẹ̀, gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ó ti ń mu apá kejì.